Lẹ́tà Tí Kò Sí Nínú Ìwé Wa

Bí ó bá dé, n kò ní kí i. Kí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ funfun rẹ̀, kí ó nawọ́ sí mi, kí ó ní, “Yẹ́misí, àbúrò mi, ça va?”… n kò ní dáhùn. Ìwé yìí ni mo máa nà sí i. Ẹ kà á, Dókítà. Ẹ ka èyí tí ẹ fi pamọ́ fún wa.

Àbí kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Rárá. Ìwé ló máa ṣáájú. Bí mo bá kọ́kọ́ la ẹnu, ẹkún ló máa jáde, n kò sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn Ifangni láti àárọ̀ nítorí ẹkún. Ìbínú ni mo gbé wá. Kò gbọdọ̀ tutù kí ó tó dé.

Ó sì ń pẹ́. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọjọ́ rẹ̀, láti ọdún mẹ́fà, ó ń ti Kutọnu bọ̀ pẹ̀lú àpótí yìnyín àti àwọn ìgò tín-ín-tìn-ín rẹ̀, kì í sì í pẹ́. Òní nìkan ló pẹ́. Àbí wọ́n ti sọ fún un… Ta ló máa sọ fún un? Séraphin? Nọ́ọ̀sì yẹn kò lè sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni láìfi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní àárọ̀ yìí ó jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó na bíìkì tó fi ń kọ̀wé sí ìwé àyẹ̀wò ọmọ mi, ó fi ẹnu bíìkì náà gún lẹ́tà méjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Ẹ́sì. Sé. Ẹ́sì-sé ni ọmọ rẹ, madame.” Mo ní kí ni ìyẹn. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “Ìwọ? Ìwọ tí ò ń bá Dókítà kiri láti ilé dé ilé, tí ò ń kọ́ àwọn èèyàn? Ìwọ lò ń bi mí?”

Mo fẹ́ gbá a létí. Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi ni kò jẹ́.

Ọyakẹ́mi, sùn. Ó ti sùn… rárá, ojú rẹ̀ ṣì là díẹ̀. Ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, tí kì í sá fún àlejò, tí ń rẹ́rìn-ín sí ewúrẹ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú, ó le, ó ń dán, ẹsẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, á kígbe. Bí n kò bá fọwọ́ kàn án, á kígbe pé n kò gbé òun. Kí ni ìyá ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà náà…

Séraphin ní kò le tó èyí tó jẹ́ S méjì. Ó ní àwọn mìíràn ń dàgbà nínú rẹ̀, wọ́n ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń bímọ. Kí n máa fún un ní omi dáadáa, kí n má jẹ́ kí òtútù mú un, kí n máa sáré gbé e wá bí ara rẹ̀ bá ti gbóná. Kí n sì máa dúpẹ́. Mo gbọ́. Fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn àgbà ń pe àìsàn yìí, ẹni tó kú lónìí tó jí lọ́la, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ fún ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ọ̀la wo ni kò ní jí. Kí n máa dúpẹ́.

Ìyá ọkọ mi kò ní kí n dúpẹ́ ní tirẹ̀. Ọjọ́ tí ọwọ́ ọmọ kọ́kọ́ wú, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọmọ kalẹ̀. “Kò sí irú èyí rí ní ilé wa. Ẹ lọ wo ẹ̀jẹ̀ tiyín.” Ó sọ ọ́ lójú Ògúnwálé, Ògúnwálé sì ń nu alùpùpù rẹ̀ lọ. Ọkọ mi. Ó ń gbé èrò ní Igolo láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó lè bá aṣọ́bodè fa ọ̀rọ̀ títí tí ìyẹn á fi ní kó máa lọ, kò sì rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ń nu iná ẹ̀yìn. Iná ẹ̀yìn tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìdajì ni bàbá ń mú wá, ìdajì ni ìyá ń mú wá. Mo ti sọ gbólóhùn yìí ní ilé tó lé ní ọgọ́rùn-ún. S tó wà lára ọmọ mi, èmi ni mo fún un, mo gbà, n kò sá. Ṣùgbọ́n èkejì yẹn… èkejì kò ti ọ̀dọ̀ mi wá, Màmá. Ilé yín ló ti wá. Nínú ẹ̀jẹ̀ yín tó mọ́ gaara yẹn ló ti wá.

Ohun tó ń dùn mí jù rèé: n kò di ojú wọ ilé ọkọ. Ọmọbìnrin mìíràn lè sọ pé òun kò mọ̀. Èmi mọ̀. Dókítà Félicité fúnra rẹ̀ ló fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ ìka mi, ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí bá a ṣiṣẹ́. “A àti S ni ìwọ. Bon, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan, A tó wà níbẹ̀ ń gbà ọ́. Ọkọ tí o máa fẹ́ ni kí o ṣọ́ra fún.” Mo ṣọ́ra. Mo ṣọ́ra débi pé mo kọ Jean-Marc. Jean-Marc káfíńtà, ará Ko-Koumolou. Ọdún méjì la fi ń fẹ́ra, ó ti ń gé pákó ibùsùn wa. Ìwé rẹ̀ dé: A àti S. Mo ká ìwé náà sí méjì, mo dá a padà fún un, mo ní kó má wá mọ́. Ó ní, “Nítorí ìwé pélébé yìí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ìwé pélébé yìí. Mo sunkún fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò sì yí padà, nítorí Dókítà ti sọ. Jean-Marc ti bímọ méjì báyìí. Mo rí wọn lọ́jà lọ́jọ́ kan, wọ́n ń sáré lé adìyẹ.

Ògúnwálé wá. Kí n tó dá a lóhùn, mo ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ìwé rẹ̀ dé, mo wò ó lójú, mo wò ó lẹ́yìn. Kò sí S níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe. Ta ló tún ṣe é jù mí lọ ní gbogbo Ifangni yìí? Mo ṣe é, ọwọ́ ọmọ mi sì wú.

Dókítà ńkọ́? Òun fi di ẹni ńlá.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn… rárá, òní kọ́ ni mo máa ṣe dáadáa sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ ibí ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, eegun ló ń ro ó títí ó fi kú, wọ́n ní àbíkú ni. Ó sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé òun kò gbà. Ọmọ ọdún méje ni òun nígbà náà, òun kò gbà. Àbúrò bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Àjàṣẹ́ láti kàwé, ó ti ibẹ̀ dé Kutọnu, wọ́n rán an lọ sí Faransé, ọdún mẹ́jọ ló fi tẹjú mọ́ ohun tí ojú lásán kò lè rí. Ó ní ìwé kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù wa. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, ìwé náà sì gùn ju kí ẹnikẹ́ni jókòó kà á tán. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa wá ojú ibi tí lẹ́tà kan ti yí padà, kó wo ìdílé tó ń gbé e kiri, kó wo ìdí tí kò fi parẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀hún ní kó dúró ti àwọn. Ó padà wá. Ó ní inú ìgò ni òun ti ń rí wa níbẹ̀, òun fẹ́ rí wa lójúlé wa.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Òmùgọ̀ ni mí.

Ó padà wá lóòótọ́, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ wa sórí páálí funfun, ó gba itọ́ wa sínú ìgò, Daagbé, Igolo, Ko-Koumolou, ilé dé ilé, èmi ni mò ń kọ orúkọ sára ìgò, ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ìwé àlẹ̀mógiri nípa iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ìwé náà wà lára ògiri lẹ́yìn orí Séraphin, ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń rí i. Àwòrán wà nínú rẹ̀: ọwọ́ kan di ìka ọmọdé kan mú. Ọwọ́ mi ni. Mo mọ àpá ọ̀bẹ tó wà ní àtàǹpàkò mi, níbi tí mo ti gé ara mi nígbà tí mò ń bó ẹ̀gẹ́. Ọwọ́ mi ni wọ́n yà, wọ́n gé orí mi sílẹ̀. Séraphin ní wọ́n dúpẹ́ nísàlẹ̀ pátápátá lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú pápá. “Inú pápá,” ó ní, ó ń fi eyín hàn, “ìwọ nìyẹn, àgbẹ̀.” Mo bá a rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Òní ni mo tó wo ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè ìwé náà. Lẹ́tà kan dá dúró níbẹ̀, ó tẹ̀ kọdọrọ bí ìwọ̀ apẹja. “Hémoglobine C,” Séraphin ní, ó pe lẹ́tà náà ní sé. “Òun ni Dókítà fi gba oyè. Wọ́n ń pè é láti ìlú dé ìlú nítorí rẹ̀. Ṣé o kò mọ̀ ni?”

N kò mọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, n kò mọ̀. Lẹ́tà tó sọ ọ́ di ẹni ńlá ni lẹ́tà tó wà lára ọmọ mi. Èyí ni mo máa sọ fún un. Mo ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ mọ̀ pé C wà, Dókítà. Ẹ mọ̀ pé ó wà nínú wa, inú ìgò tí mo kọ orúkọ sí lára lẹ ti rí i. Kí ló dé tó fi jẹ́ S, S, S ni gbogbo ìgbà? Ṣé ẹ rò pé lẹ́tà kan ti tó fún àgbẹ̀? Ṣé a kò lè ka méjì?

Ó dára bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kan ti tó fún àgbẹ̀… ó dára. Kí n má gbàgbé rẹ̀. Á fẹ́ dáhùn. Á ní, “Yẹ́misí, écoute…” N kò ní gbọ́. Mo ti gbọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta.

Àwa náà kàwé. Kí ó má rò pé a kò kàwé. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kí n tó mọ orúkọ mi kọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n kọ pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ la ti kọ́ ọ, ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin mọ́kànlélógún, ọkùnrin mẹ́ta. Èmi ni mo kọ́kọ́ kàwé jáde láìkólòlò. Bàbá Ifáṣínà olùkọ́ wa lọ ra ìwé ní Ìdírókò, ó tò wọ́n síwájú wa: a, bí, dí, e, ẹ, fí… “Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n,” ó ní. “Ẹni tó bá mú ẹ̀kẹrìndínlọ́gbọ̀n wá sí kíláàsì mi, kó lọ dá a padà fún ẹni tó ni ín.” A rẹ́rìn-ín. A mọ ẹni tó ń bá wí, àwọn Faransé ni, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà wọn tí kò wúlò fún wa.

C kò sí níbẹ̀. Mo mọ ọ́ láti ojú pátákó ni. Òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Cotonou lára ọkọ̀ èrò, òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Coca lára ìsọ̀. K ti àwọn Faransé ni. Ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ọjọ́ tí ìwé Ògúnwálé dé, mo kà á fún un: “A àti K.” Ó ní, “K burú?” Mo ní rárá, Dókítà kò bá wa sọ̀rọ̀ K rí.

Kò bá wa sọ ọ́ rí. Ẹ gbọ́, Dókítà? Ẹ kò bá wa sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí, ní ilé kankan.

Á ní òun sọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n, á ní òun sọ ọ́. Kí n mú un ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an, kó má rí ibi yà sí. Ẹ rántí Daagbé? Ẹ rántí àgbàlá àwọn Falilatou, ọmọbìnrin tó ń ránṣọ lẹ́bàá ọ̀nà? Òun àti Sọ̀fíyù àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jókòó sórí ẹní, àwọn àgbà wà lórí àga, ẹ dúró láàárín, ẹ ní…

Faransé ló sọ. Faransé ló máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ bá ti le, nítorí ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ti fi ibí sílẹ̀, Yorùbá rẹ̀ kò bá a dàgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó gbìyànjú. Ó dìde láàárín èrò ní Igolo, ó ní, “Mo wá gba ẹ̀jẹ́ yín.” Ẹ̀jẹ́, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Àwọn aláàárù rẹ́rìn-ín títí ẹrù fi fẹ́ bọ́ lórí wọn. Ọ̀kan ní, “Ẹ̀jẹ́ wo, Màmá? Àwa kò bá yín jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan.” Láti ọjọ́ náà kò sọ ọ́ fúnra rẹ̀ mọ́. “Yẹ́misí, ìwọ sọ ọ́. Tìrẹ ló ń yé wọn.” Orí mi wú. Èmi tí n kò wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba rí, èmi ni mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹni tó ti Faransé dé. Etí ni mo fi kó Faransé tèmi, lójú ọjà, lẹ́nu àwọn tó ń pààrọ̀ owó, nínú ọkọ̀ Dókítà. Faransé mi kò ní lẹ́tà. Lẹ́tà mi kò ní Faransé.

Ẹ ní, “Ẹ́sì pẹ̀lú ẹ́sì, attention.” Bẹ́ẹ̀ lẹ wí. Mo túmọ̀ rẹ̀: ẹ ṣọ́ra. Ẹ wá tún ní… ẹ gbé ìka kejì sókè, mo rí ìka náà… ẹ ní, “Ẹ́sì pẹ̀lú sé, attention aussi.”

Ẹ́sì pẹ̀lú sé.

Sé…

Rárá. Dúró ná.

Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Kí ni mo rò? S wa ni mo rò pé ó ń pè. Ní kíláàsì “sí” là ń pè é: pí, rí, sí, ṣí. Mo rò pé ó ń ràn wá lọ́wọ́ ni, ó pè é lọ́nà ti Faransé, ẹ́sì, ó tún fẹ́ pè é lọ́nà tiwa, sí, ahọ́n rẹ̀ yọ̀, ó di sé. Ahọ́n tó pe ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀jẹ́, kí ni kò lè pè ní sé? Mo tún un ṣe fún un nínú ọkàn mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo kọjú sí àwọn èèyàn, mo ní, “S pẹ̀lú S, ẹ ṣọ́ra gidigidi.” Gidigidi. Gidigidi yẹn ni mo fi rọ́pò odindi lẹ́tà.

Bàbá Falilatou fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. “Faransé tirẹ̀ gùn bí ìrù ẹṣin, Yorùbá tìrẹ kúrú bí ìrù ewúrẹ́. Yẹ́misí, ṣé o kò jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀?” Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Dókítà tẹ́ etí sí mi. “Kí ni wọ́n ń sọ?” Mo ní, “Wọ́n ń dúpẹ́.” Ó ní, “O sọ gbogbo rẹ̀? Tout?” Mo ní, “Tout, Dókítà.”

Gbogbo rẹ̀.

Ó yẹ kó ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ìyẹn ni ẹ̀bi rẹ̀, ìyẹn ni mo lè… Ó kọ ọ́. Ó fún mi ní páálí aláwòrán, wọ́n ya bàbá àti ìyá sí i, wọ́n kọ lẹ́tà sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. S àti S, wọ́n kùn ún ní pupa. S àti lẹ́tà bí ìwọ̀ yẹn, wọ́n kùn ún ní pupa. Mo rí pupa kejì. Mo rí i, mo ní nínú ara mi, kí ló kan K níbí? Ìbéèrè wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn mí tán níwájú àwọn alága arọ́ńdísímà, àwọn olórí agbègbè wa, ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé láìsí mi òun yadi. Bí mo bá bi í léèrè, á mọ̀ pé lẹ́tà wà tí n kò mọ̀. Mo gbé páálí náà pamọ́ sísàlẹ̀ àpò. Èmi ni mo fi pamọ́.

Nítorí náà ó sọ ọ́. Ilé tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sọ ọ́ nínú gbogbo wọn, ìka kejì ń gòkè nínú gbogbo wọn, mo sì ń ki ọwọ́ bọ ọ́ lẹ́nu, mò ń yọ ọ́ jáde.

Òun náà kò bi mí. Ọdún mẹ́ta, kò ní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, Yẹ́misí, pe lẹ́tà yìí kí n gbọ́. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ńlá wá lẹ́tà kan rí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, kò wò ó lẹ́nu èmi tí mo jókòó tì í. Mo lè bínú sí i fún ìyẹn. Mò ń bínú sí i fún ìyẹn. Ìbínú náà kò tutù, ó gbóná bó ṣe wà ní àárọ̀. Ó kàn ń yà káàkiri ni, ó yà sọ́dọ̀ Dókítà, ó yà sọ́dọ̀ Séraphin, ó yà sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, gbogbo ibi tó bá yà sí, èmi ló ń bá níbẹ̀.

Ojú ara mi ni mo fi wò ó. Mo fi ọwọ́ ara mi di ìwé Ògúnwálé mú, mo ka K. Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún un pé kò burú. Bí mo bá ti bi í léèrè lọ́jọ́ páálí yẹn… n kò ní bí Ọyakẹ́mi. Á! Kí ni mò ń rò yìí. Máa sùn, ìyá mi. Máa sùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Ta ló tún bi mí? Ìyẹn ni… ta ló tún bi mí léèrè lẹ́tà yẹn?

Àwọn ọmọ ìyá kan ní Ko-Koumolou. Obìnrin tó ń fún epo, tó ní àbúrò òun fẹ́ gbéyàwó. Ẹlòmíràn… n kò rántí orúkọ rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Mo máa rántí rẹ̀. Orúkọ gbogbo wọn wà nínú ìwé àjákọ mi, mo kọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú àmì.

Àti Falilatou.

Lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn tú ká ní Daagbé lọ́jọ́ náà, ó sáré tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ìwé méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Tèmi rèé, A àti S. Ti Sọ̀fíyù, A rèé, èyí tó lanu yìí ńkọ́?” Dókítà ti wà nínú ọkọ̀, ó ń dúró dè mí. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni mo máa gbé kí n lọ bi í. Mo ní, “K ni. K kì í bá ẹnikẹ́ni jà.” Ó ní, “Ó dájú?” Mo ní, “Ṣé èmi náà lò ń bi bẹ́ẹ̀?” Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni mo rí i ní Igolo, ó wá ra òwú. Kò jẹ́ kí n kí i tán. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ikùn rẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọ̀nà, àwọn alálùpùpù ń fun fèrè lé wa lórí. “Ẹ̀gbọ́n Yẹ́misí, ẹ̀yin lẹ ní kí n fẹ́ ẹ o. Bó bá jẹ́ obìnrin, orúkọ yín ló máa jẹ́.” Oyún oṣù mẹ́fà. Ó lè jẹ́ pé A àti A ni ọmọ náà mú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà, ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rin ló burú, mo mọ ìṣirò yẹn lórí, mo máa ń fi ìka mẹ́rin ṣe é fún wọn, wọ́n á máa kan sáárá sí mi.

Bí wọ́n bá mọ̀ kí ó tó bí i, wọ́n á yẹ ọmọ náà wò láti ọjọ́ tó bá délé ayé. Wọn kò ní jókòó ọjọ́ mẹ́sàn-án bí tèmi, kí wọ́n máa fi ewé pa ọwọ́ tó wú, kí ìyá ọkọ máa wá ẹ̀jẹ̀ ẹni tí yóò bú. Wọ́n á mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Wọ́n á máa fún un ní omi.

Ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti ọ̀nà títì… òun ni. Ó yà wọlé, eruku bò ó dé fèrèsé, taya iwájú tí wọ́n fi sí i kéré ju èyí tó kù lọ, taya ló bẹ́ lójú ọ̀nà, ohun tó fi pẹ́ nìyẹn. Ó ń wá bàtà rẹ̀ nísàlẹ̀ ìjókòó bó ti máa ń ṣe. Kò tíì rí mi. Séraphin ti ń jáde lọ bá a, ó ń rìn bí ẹni tó ní ìròyìn.

Gbogbo ohun tí mo tò láti àárọ̀ ti tú. Ti Ọyakẹ́mi máa wá lẹ́yìn, ó ti wà lórí ìwé. Orúkọ tó wà lẹ́nu mi ni Falilatou. Dókítà, ẹ má gbé àpótí yín sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Daagbé, mo ti sọ nǹkan kan níbẹ̀. Bí a bá sì dé Daagbé, èmi ló máa sọ ọ́, kì í ṣe òun, nítorí òun ti sọ tirẹ̀ tipẹ́. Falilatou á pa máṣínì rẹ̀ tì, á rẹ́rìn-ín, á fún mi ní àga. Mò ń sọ ọ́ wò nínú ikùn mi. Lẹ́tà kan wà tí wọn kò kọ́ mi. Rárá. Lẹ́tà kan wà tí mo ṣì pè. Rárá… Falilatou, o bi mí léèrè, n kò mọ̀ ọ́n, mo sì dá ọ lóhùn.